Mo Pe Adùn Màmá Ní Ìkorò

Ọmọ mi, o bẹ̀ mí pé kí n kọ bí a ṣe ń ṣe gánáàṣì, ṣokoléètì tí a fi kírímù gbígbóná pò, sínú ìwé fún ọ, èyí tí a ń dà lé kéèkì, èyí tí a ń fi sáàárín rẹ̀, èyí tí a ń yí ní róbótó, àti èyí tí a ń pò títí yóò fi wú. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti jókòó ti ìwé yìí, mi ò tíì kọ ju "Gé ṣokoléètì rẹ wẹ́wẹ́" lọ. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Bí wọ́n bá jí mi lójú oorun, mo lè kà á láìṣì. Ohun tó dá ọwọ́ mi dúró ni pé gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ kọ síbẹ̀, ti ìyá bàbá rẹ ni. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn, ọ̀nà tí mo sì fi gbà á kò dára. Mi ò lè kọ ọ̀kan kí n fo èkejì mọ́. Àwọn dókítà ti sọ tiwọn, ìwọ náà gbọ́, ẹ kàn ń fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀ níwájú mi ni. Kí ẹnu mi tó pa dé, òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde. Ka ìwé yìí tán kí o tó bínú. Tí o bá kà á tán, bínú tó bó ṣe wù ọ́.

O mọ ilé ìdáná wa. Kò yàtọ̀ sí bí mo ṣe bá a nígbà tí mo wọlé ọkọ. Fèrèsé kan ṣoṣo tó ní kọjú sí ògiri ilé kejì. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí dé ìdajì tí yóò fi kọ lu fíríìjì, débi pé ẹni tó wà nínú kò lè jáde àfi tí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà bá yà fún un. Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti Màmá jọ lò nínú ihò yẹn. Àwọn ni wọ́n ń se, èmi ni mò ń fọ abọ́. Ìyá Ṣokoléètì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n á fi ọ̀bẹ ńlá gé ṣokoléètì wẹ́wẹ́, wọ́n á gbé kírímù sórí iná títí etí rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí hó, wọn kì í jẹ́ kó hó dé àárín. Wọ́n á dà á lé ṣokoléètì náà, wọ́n á fi àwo dé e, wọ́n á wá káwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá ọlọ́pàá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á mú ṣíbí. "Àárín ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi. Má kánjú, ó ń bọ̀." Ẹnu lásán ni. Wọn ò gbé ṣíbí yẹn lé mi lọ́wọ́ rí. Tí mo bá ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣe tòní," ẹ̀rín ni wọ́n á rín. "Ọwọ́ ẹ ṣì gbóná jù. Tó o bá yí i, á yọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Bá mi fọ abọ́ yẹn." Nígbà tí wọn ò bá sí nílé, mo máa ń ṣe tèmi, màá sì gbé e fún bàbá rẹ. Á jẹ ẹ́, á lá ìka, á ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n ti Màmá yàtọ̀." Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbọ́ "ṣùgbọ́n" yẹn. Ó ń ta mí lára ju èébú lọ.

Ìgbà tó yá, àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀, ọ̀fìnkìn pẹ̀lú ibà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oṣù kan. Ara wọn yá, ṣùgbọ́n imú wọn kò gbóòórùn mọ́, ahọ́n wọn kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín iyọ̀ àti ṣúgà. Èmi nìkan ni wọ́n sọ fún. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ yìí, àárín èmi pẹ̀lú ẹ ló mọ o. Ahọ́n ẹ ni màá máa lò." Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti pò ó tán, wọ́n á bu ṣíbí kan, wọ́n á fi ọwọ́ kejì gbé àgbọ̀n mi bí ẹni tó fẹ́ fún ọmọ ọwọ́ lóògùn, wọ́n á ní, "Yanu." Wọ́n á máa wo ojú mi, wọn ò ní mí títí màá fi sọ̀rọ̀. Fún oṣù mélòó kan, òótọ́ ni mo sọ. Mo fẹ́ kó o mọ ìyẹn. Mi ò bẹ̀rẹ̀ bí èèyàn burúkú.

Ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, gánáàṣì àárín kéèkì ni wọ́n ń ṣe fún ọjọ́ ìbí ọmọ tíṣà tó ń gbé lókè wa. Ẹ̀yìn ti ń ro mí níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Bàbá rẹ sì ti tún sọ "ṣùgbọ́n" fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màmá bu ṣíbí, wọ́n ní, "Yanu." Ó dùn. Mo ní, "Ó korò díẹ̀, Màmá." Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Irọ́ tún nìyẹn o! Mo mọ ibi tó ti wá dáadáa. Ojú Màmá rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n da ṣúgà sí i, ó wá dùn jù. Tíṣà ní àwọn ọmọ kò lè jẹ ẹ́ tán. Èmi ni mo jíṣẹ́ fún Màmá, mo sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ jẹ́ ẹ. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n máa ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀." Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń káàánú wọn. Ẹ wo irú obìnrin yìí!

Ahọ́n Màmá ló lọ, ojú wọn kò lọ. Nígbà tí mo ti sọ "ó korò" bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn. "Wò ó, bó ṣe ń dán yìí? Èyí tó bá bàjẹ́ kì í dán." Mo rí i pé ẹnu mi nìkan kò lè ṣe é. Bí wọ́n bá ń yọ́ ṣokoléètì lórí omi gbígbóná, tí wọ́n bá yíjú, màá ta omi tútù sí i ní ẹ̀kán méjì mẹ́ta láti ìka mi, kíá ni gbogbo rẹ̀ á dì bí iyanrìn tútù. Wọ́n á dúró tì í, wọ́n á máa wo ọwọ́ ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bọ́ sórí iyọ̀. Wọ́n á ṣe tiwọn tán, wọ́n á lọ sinmi, màá wọ́n iyọ̀ sí i, màá pe bàbá rẹ àti Adúmáadán, àbúrò rẹ̀ obìnrin, wá tọ́ ọ wò. Ìwọ náà wà níbẹ̀, o ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ìwọ ni o tu ú sílẹ̀ tí o sáré lọ sí yàrá lọ sọ pé, "Màmá Àgbà, iyọ̀ lẹ fi sí i!" Màmá ní àwọn ò rí iyọ̀ sójú lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ àti Adúmáadán wo ara wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bá Màmá sọ̀rọ̀ sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Mo fi ẹnu ọmọ mi parọ́, ìwọ kò sì mọ̀. Èyí náà, dárí ẹ̀ jì mí.

Ìgbéyàwó Adúmáadán wá dé. Ó ti sọ láti kékeré pé gánáàṣì ìyá òun ni wọn yóò dà lé kéèkì ìgbéyàwó òun, pẹ̀lú gbogbo ohun tó sì ti ṣẹlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i." Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ni Màmá wọ ilé ìdáná. Wọ́n ní kí n dúró sẹ́yìn, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Bóyá wọ́n ti ń fura, mi ò mọ̀. Wọ́n wọn ṣokoléètì, wọ́n wọn kírímù, ìwọ̀n kan náà. Wọ́n gbé àgolo iyọ̀ kúrò lórí tábìlì, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ òkè níbi tí àwa méjèèjì ti ń wò ó. Nígbà tí wọ́n pò ó tán, tí wọ́n fi bọ́tà díẹ̀ sí i, ó dán débi pé mo ń rí gílóòbù àjà nínú rẹ̀. Wọ́n bu ṣíbí. Wọ́n fi ọwọ́ kejì gbé àgbọ̀n mi. "Yanu, ìyàwó mi. Tọmọ mi ni. Èyí nìkan, má tàn mí." Mo tọ́ ọ wò. Mi ò jẹ irú ẹ̀ rí, mi ò sì jẹ irú ẹ̀ mọ́. Ó yọ́ kí n tó pa ẹnu dé, ó lọ sílẹ̀ lọ́fun mi wẹ́rẹ́, omi sì dé ojú mi. Ìdí tí mo fi sunkún nìyẹn, ọmọ mi. Mo wá fún ojú pọ̀, mo sì lo omijé tí adùn yẹn fà láti fi parọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Iyọ̀ tún ni."

Màmá yí ojú wo àgolo iyọ̀ lórí pẹpẹ. Kò kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí. Wọ́n ní, "Mi ò fọwọ́ kàn án." Mo ní, "Ẹ gbàgbé ni, Màmá." Àsìkò yẹn ni Adúmáadán yọ orí lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó, ẹ wá jókòó. Ẹ má dójú tì mí lọ́la." Màmá ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Mo na ọwọ́ sí abọ́ náà, wọ́n gbà á kúrò lọ́wọ́ mi. "Fi í sílẹ̀. Màá dà á nù fúnra mi." Wọ́n fi àwo dé e, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Wọ́n pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, abọ́ ti ṣófo, wọ́n sì ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yẹn, mi ò rí Màmá kí wọ́n fọ abọ́ rí. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni. Wọ́n gbé ṣíbí wọn lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì bọ́ síta. Èmi ni mo ṣe gánáàṣì ọjọ́ kejì. Gbogbo èèyàn yìn ín. Bàbá rẹ jẹ ẹ́, kò sì sọ "ṣùgbọ́n".

Ohun tí mo ń wá bọ́ sí mi lọ́wọ́, kò sì bọ́ kúrò mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá rẹ mú Màmá lọ rí dókítà orí. Dókítà fún wọn ní oògùn tó ń mú wọn sùn lọ́sàn-án gangan. Adúmáadán ní Màmá ò gbọdọ̀ dá sún mọ́ gáàsì, òun àti bàbá rẹ wá fi kọ́kọ́rọ́ sí ilé ìdáná, ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ náà sì wà. Màmá gbé àga wọn sí ẹnu ọ̀nà yẹn. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀, tí mi ò lè wọlé, tí mi ò lè jáde, àfi tí wọ́n bá sún àga fún mi. Wọn kì í bú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi mí: "Ṣé ó ń dán?" Màá ní, "Ó ń dán, Màmá." Wọ́n á ní, "O ṣeun." Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ, mo ní kí n lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ ní, "Ta ni yóò ṣọ́ Màmá? Ìwọ lo mọ bó ṣe le tó." Lóòótọ́, èmi ni mo mọ bó ṣe le tó! Mi ò lọ. Mi ò lọ ibì kankan. Èmi ni mo sọ pé Màmá kò ṣeé fi sílẹ̀, èmi náà ni wọ́n sì so mọ́ wọn. Tí mo bá ń pò ó nínú ihò yẹn, màá gbójú sí fèrèsé, màá rí ògiri. Màá gbójú sí ilẹ̀kùn, màá rí Màmá. Ó ṣe mí ní ọ̀pọ̀ ìgbà bíi pé kí n kígbe.

Nígbà tí Màmá fẹ́ kú, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. Bàbá rẹ lọ pe nọ́ọ̀sì. Mo mú ife omi dání. Wọ́n la ojú, ojú wọn sì mọ́ kedere, kò sí ti oògùn níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, gánáàṣì ìgbéyàwó yẹn, ṣé lóòótọ́ ló bàjẹ́?" Gbólóhùn kan ló kù. "Rárá, Màmá." Ọmọdé lè sọ ọ́. Ó dé ẹnu mi, mo wá gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ lórí àtẹ̀gùn. Mo ní, "Ó bàjẹ́, Màmá." Wọ́n wá mú ọwọ́ mi, wọ́n ní, "Ó dáa. Ọwọ́ ẹ ti tutù báyìí." Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn kí wọ́n tó lọ. Gbogbo ohun tí mo ti sọ fún ọ láti òkè, bóyá mo lè rí àwáwí fún wọn: mo kéré, mo ń jowú, iṣẹ́ ń pa mí. Mi ò rí àwáwí kankan fún èyí.

O mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn ti pa ahọ́n mi láti bí oṣù mẹ́ta. Ìwọ lò ń tọ́ gánáàṣì wò fún mi báyìí. O máa ń ní, "Ó dùn, Màmi," èmi ń wo ojú rẹ bóyá irọ́ ni. O ò parọ́ fún mi rí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ẹni tó wà nípò yẹn lè ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí o da odidi abọ́ kan nù, o sunkún, o ní, "Kí ni mo ṣe yín?" O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Èmi ni mi ò lè gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni Ìyá Aránṣọ wá kí mi, ọ̀rẹ́ Màmá tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Wọ́n jókòó, tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ní, "Mo wá wò ọ́, mo sì wá sọ ohun kan. Ìyá ọkọ ẹ mú mi búra pé n ò ní sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbé e lọ sọ́run. Ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó Adúmáadán, ìyá ọkọ ẹ gbé abọ́ kan gba ẹ̀yìnkùlé wá bá mi. Ó ní, 'Tọ́ ọ wò, kó o sọ bó ṣe rí.' Mo tọ́ ọ wò, n ò sì lè dúró, mo jẹ ẹ́ tán, mo lá abọ́! Mo ní kí ló dé. Ó ní ìyàwó òun ní iyọ̀ wà nínú ẹ̀. Mo dìde pé n máa bá ẹ wí, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, 'Jókòó. Tí mo bá sọ ọ́, ọmọ mi á lé e jáde, ta ló máa tọ́jú ọmọbìnrin kékeré yẹn? Á sọ ọ́ fún mi fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Màá dúró dè é.' Ó wá bu omi, ó fọ abọ́ ẹ̀, ó lọ." Màmá mọ̀. Ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, èmi ni wọ́n ń dúró dè. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi ni, mo sì tún tì í.

Nítorí náà, gba ohun tí o béèrè. Tí o bá fẹ́ dà á lé kéèkì, tàbí fi sáàárín rẹ̀, ìwọ̀n ṣokoléètì àti ti kírímù dọ́gba. Ti àárín, jẹ́ kó tutù kó le díẹ̀ kí o tó fi ọ̀bẹ tẹ́ ẹ. Tí o bá fẹ́ yí i ní róbótó, ṣokoléètì ìlọ́po méjì kírímù, kí o sì fi omi tútù fọ ọwọ́ kí o tó yí i nínú lẹ́búlẹ́bú kòkó. Èyí tí yóò wú, kírímù ni kó jẹ́ ìlọ́po méjì, gbé e sínú fíríìjì títí yóò fi tutù wọnú kí o tó pò ó. Tó bá yà, tí òróró léfòó, má dà á nù, fi ṣíbí mílíìkì lílọ́wọ́ọ́rọ́ kan pò ó padà láti àárín. Màmá ló ni gbogbo rẹ̀. Tí ẹnì kan bá yìn ọ́, orúkọ wọn ni kí o dá. Ẹ̀yin ọmọ tó ṣì ń bọ̀, tí àgbàlagbà bá gbé ṣíbí sí yín lẹ́nu pé kí ẹ bá òun tọ́ nǹkan wò, ẹ sọ ohun tí ahọ́n yín sọ fún yín.

Mo bẹ̀ ọ́, lọ́la, ṣe èyí tó dọ́gba yẹn, pẹ̀lú bọ́tà díẹ̀. Fi ṣíbí Màmá pò ó, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ òkè. Má tọ́ ọ wò fún mi. Gbé e lọ fún Adúmáadán, ka ìwé yìí sí i létí kó tó fẹnu kàn án, kí o wá sọ fún un pé, "Èyí ni ìyá yín ṣe fún ìgbéyàwó yín. Ìyá mi ló dá a dúró lọ́nà." Bá mi bẹ̀ ẹ́. Tí kò bá gbà, má bá a jà. Bàbá rẹ ń bi mí ìdí tí mo fi ní kí àwọn èèyàn wá bá wa sún fíríìjì láàárọ̀ yìí, mo ní yóò gbọ́ lẹ́nu rẹ. Wọ́n ti sún un. Ilẹ̀kùn yẹn ti ṣí dé ògiri, mo sì ti gbé àga Màmá padà sí ẹnu ọ̀nà, orí rẹ̀ ni mo jókòó sí báyìí. Tí Adúmáadán bá fẹ́ wá sọ bó ṣe rí lẹ́nu rẹ̀ fún mi, ibẹ̀ ni yóò bá mi.